Ẹsẹ̀ Ìyá Mi Kò Tíì Kanlẹ̀

Wọ́n bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi kọ̀ǹpútà àlòkù ṣe
lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì. Mo ní mo fẹ́ fi dá èèyàn.
Ìrẹsì há àbúrò mi lọ́fun.

Ọmọ rẹ̀ Ṣótáyọ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ni tíṣà mi.
Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀ láti odò Ìbù:
"Màmá àgbà, ẹ tẹ ibí. Kì í ṣe ibẹ̀ yẹn. Ẹ dá a padà."
Èmi tí mo fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ní Mákun
wí fún ọmọ ọlọ́mọ pé, "Pa á rẹ́, tún un kọ,"
mò ń pa á rẹ́, mò ń tún un kọ.

Èèyàn tí ẹ̀rọ kọ́kọ́ gbé fún mi
na apá méjèèjì bí ẹni tó ń wọn ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀.
Kò wọṣọ. Kò ní ìdodo,
torí pé kò sẹ́ni tó bí i.
Mo fa imú rẹ̀, gbogbo ojú tẹ̀ lé imú.
Mo dín àgbọ̀n kù, etí ṣí lọ sí ọrùn.
À ń kí aboyún pé kí òrìṣà ya ọnà ire kò wá;
mo ti wí i láìmọye ìgbà,
n kò mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ tó báyìí nínú àdúrà náà.

Àwọ̀ funfun ibẹ̀ ju ogún lọ, dúdú mẹ́rin péré,
kò sì sí èyí tó dà bí kóró iṣin.
Mo po tèmi. Ó gbà mí ní odindi ọ̀sán kan.
Irun tó ṣàn dé ìdí wà, pátẹ́wọ́ kò sí.
Ṣótáyọ̀ ní a lè fowó ra òmíràn.
Èmi ọmọ Rẹ́mọ! Kí n ra irun fún ẹni tí kò tíì mí?
Mo mú abala pẹlẹbẹ kan, mo ká a, mo tún un ká,
mo gbé e lé e lórí. Gèlè dé.

Lẹ́yìn náà, àgbàlá: ògiri alámọ̀, apẹ̀rẹ̀, àpótí ìjókòó.
Mo mọ obì gbànja kan, mo sọ ọ́ di ọ̀ọ́dúnrún,
gbogbo wọn sì lanu sí ibì kan náà.
Efúnyẹmí ìyá mi ì bá ti fura.
Àtàǹpàkò ló fi ń mọ èyí tí kòkòrò wọ̀.
Mo wá dá ihò kòkòrò sí ẹyọ kan lára, ihò kékeré,
n kò sùn títí àkùkọ fi kọ.

Wọ́n mú iná lọ. N kò tíì pa iṣẹ́ mọ́.
Mo jókòó sínú òkùnkùn.
Mo ti sọ ìyá mi nù nígbà kan rí,
mo mọ bí a ṣe ń jókòó sí i.

Oṣù méjì rèé. Ó ti padà sórí àpótí rẹ̀,
ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń gba inú obì kọjá bí ẹni gba inú èéfín,
àlàfo ìka kan sì wà láàárín àtẹ́lẹsẹ̀ àti ilẹ̀.
Òjìji rẹ̀ dá dúró lọ́tọ̀.
Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀, a mọ irú ẹni tó ń jẹ́.
Mo sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀, ó rì dé orókùn.
Mo fà á sókè. Ó tún léfòó.

"Ẹ yan ibi tí ojú wọn máa wò," ni Ṣótáyọ̀ wí,
"àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á máa wo ẹni tó jókòó síwájú wọn."
Ìka mi dúró lórí máòsì.
Bí ìyá mi bá ń ṣa obì, kì í gbójú sókè,
ìbáà jẹ́ èmi ni mo wọlé, kí n gbé ipò kìn-ín-ní dé.
Mo ní kó máa wo obì.